Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Owú fún Àgbẹ̀dẹ Inú Ilé

Nínú gbogbo ohun èlò tí àgbẹ̀dẹ kékeré nílò, owú ló máa ń dá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ dúró jù. Iná ṣeé dá sínú àgbá tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀, ẹmú ṣeé fọwọ́ ara ẹni rọ, ọmọ owú, ìyẹn hámà ọwọ́, sì wà káàkiri. Ṣùgbọ́n owú fúnra rẹ̀, irin ńlá tí à ń gbé irin gbígbóná lé ká tó lù ú, ó wúwo, ó ṣòroó rí, àwọn tó ń tà á kì í sì í fìgbà gbogbo mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Mo ti rí owú tuntun tó ń dán gbinrin, tí ojú rẹ̀ kún fún kòtò kí oṣù kan tó pé. Mo sì mọ ẹni tó ń rọ ọ̀bẹ tó gbámúṣé lórí kìkì irin onígun mẹ́rin tí kò ní ìwo, tí kò ní ihò kankan.

Ohun méjì péré lẹ ń sanwó fún lára owú: irin tó pọ̀ lábẹ́ ibi tí ọmọ owú ń balẹ̀ sí, àti ojú tó le débi pé ó ń ta ọmọ owú padà. Tí ẹ bá lu irin gbígbóná, agbára tí ẹ fi lù ú á pín. Apá kan á wọ inú irin náà, á sì yí i padà bí ẹ ṣe fẹ́. Apá kejì á kọjá sínú owú. Owú tó fúyẹ́ á gbọ̀n, á jẹ agbára yẹn gbé. Èyí tójú rẹ̀ rọ̀ á jin, òun náà á jẹ ẹ́ gbé. Èyí tó wúwo tójú rẹ̀ sì le kò ní yẹ̀. Ńṣe ló máa tako irin náà láti ìsàlẹ̀, á sì bá yín gbé ọmọ owú dìde fún ìlù tó kàn. Ẹni tó bá ti fi wákàtí méjì lurin lórí oríṣi méjèèjì kò nílò àlàyé mọ́, apá rẹ̀ á ti sọ ọ́ fún un. Ìwo, ihò, ọ̀dà àti orúkọ ilé iṣẹ́, lẹ́yìn méjì yìí ni gbogbo wọn ń tò.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ pinnu ohun tí ẹ fẹ́ máa rọ

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ń tẹ̀ lé ni pé kí owú wúwo ju ọmọ owú lọ ní ìlọ́po 50, ó kéré tán. Ọmọ owú kílò 1 ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ nílé ń lò, nítorí náà owú kílò 50 ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀bẹ, ìkọ́, àgbékọ́ ìlẹ̀kùn, àáké kékeré, irinṣẹ́ oko, gbogbo wọn ṣeé rọ lórí owú tó wà láàárín kílò 50 sí 80. Tí ẹ bá ní ẹnìkejì tí á máa fi ọwọ́ méjèèjì gbé hámà ńlá lu irin nígbà tí ẹ̀yin ń dì í mú, kílò 100 sókè ni kí ẹ wá, torí pé ìlù bẹ́ẹ̀ á máa ta owú kékeré kúrò láyè rẹ̀.

Ẹ má sì ka kílò nìkan. Owú kílò 70 tó ní ìwo gígùn àti ìdí gígùn ti kó púpọ̀ nínú irin rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, níbi tí ẹ kì í sábà lù. Owú kílò 50 tó rí gbàǹgbà, tó ga, tí gbogbo irin rẹ̀ wà lábẹ́ ojú gan-an, lè ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Fún ẹni tó ń rọ ọ̀bẹ, èmi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú ìkejì.

Ẹ tún rò ó pé ẹ óò gbé e. Kílò 50, èèyàn méjì á gbé e láìsí wàhálà. Kílò 120 ń fẹ́ ẹ̀rọ tàbí ọmọlanke, ilẹ̀ tó dúró ṣinṣin sì ni yóò wà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ ẹ̀yà ara owú

Ojú ni òkè pẹrẹsẹ tí iṣẹ́ pọ̀ jù níbẹ̀. Ìwo ni ẹnu ṣóńṣó rírobotó tí à ń tẹ irin sí. Láàárín ojú àti ìwo, ọ̀pọ̀ owú ní àtẹ̀gùn kékeré kan tó rọ̀ ju ojú lọ. Orí rẹ̀ ni à ń gbé irin lé tí a bá fẹ́ fi ògbó, irin ẹlẹ́nu mímú tí à ń lù láti fi gé nǹkan, gé e, kí ẹnu ògbó má bàa kú, kí ojú owú má sì fara gbọgbẹ́. Níhà ìdí, ìyẹn òdì kejì ìwo, ni ihò onígun mẹ́rin wà, tí à ń ki irinṣẹ́ bọ̀, irú bí ògbó ìdúró àti ìtẹ̀rin, àti ihò róbótó kékeré tí à ń lu ihò sí lórí. Ẹ wọn ihò onígun mẹ́rin náà kí ẹ tó rà á. Èyí tó fẹ̀ tó mílímítà 19, 22 tàbí 25 wọ́pọ̀, irinṣẹ́ tó bá a mu kò sì ní ṣòroó rí. Tí ó bá jẹ́ ìwọ̀n àrà ọ̀tọ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò máa rọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kì bọ̀ ọ́.

Ní ti ìrísí, èyí tí wọ́n ń pè ní ti London ní ìwo kan, àtẹ̀gùn kan àti ìdí pẹrẹsẹ. Ti Jámánì sábà máa ń ní ìwo méjì, ọ̀kan róbótó, ọ̀kan onígun, ara rẹ̀ sì ki ju ti London lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n jẹ́ kìkì irin gbàǹgbà láìní ìwo rárá. Ẹni tó ń rọ ohun ọ̀ṣọ́ tó kún fún ìtẹ̀kọ̀rọ̀ á lo ìwo lójoojúmọ́. Ẹni tó ń rọ ọ̀bẹ lè má fọwọ́ kàn án fún odidi oṣù. Ìwo ṣeé fi páìpù tó nípọn tàbí irin róbótó dípò. Ojú kò ṣeé fi nǹkan kan dípò.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ irú irin tó jẹ́

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Àwọn owú kan wà lọ́jà tí wọ́n yọ́ látòkè délẹ̀ pẹ̀lú irin kásìtì, irú irin tí wọ́n ń dà sínú àpẹẹrẹ láti fi ṣe ìkòkò àti ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní ìwo, wọ́n ní ihò, wọ́n kùn wọ́n dáadáa, ìrísí wọn kò sì yàtọ̀ sí ti owú gidi. Ṣùgbọ́n irin kásìtì kì í ta nǹkan padà, ojú rẹ̀ ń jin tí a bá ń lu nǹkan lórí rẹ̀, etí rẹ̀ sì ń ké bọ́ sílẹ̀. Bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, ẹ má rà á. Ọ̀rọ̀ tí mo nífẹ̀ẹ́ sí jù pé kí ẹ gbà gbọ́ nínú gbogbo èyí tí mo kọ nìyẹn.

Àwọn tó dára pín sí ọ̀nà bíi mélòó kan. Owú àtijọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, irú bíi ti ilé iṣẹ́ Mousehole ní ìlú Sheffield tàbí ti Peter Wright, ní ara irin tó rọ̀, wọ́n wá fi iná àgbẹ̀dẹ lẹ pátákó sítíìlì líle mọ́ ọn lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ Hay-Budden tí wọ́n ṣe ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà. Àwọn ará Swídìn, irú bíi Kohlswa, da odindi owú pẹ̀lú sítíìlì. Ní Jámánì, wọ́n ń rọ sítíìlì lódindi títí dòní. Fisher, tí wọ́n ṣe ní Trenton ní ìpínlẹ̀ New Jersey, dá yàtọ̀: ara rẹ̀ jẹ́ kásìtì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ jẹ́ sítíìlì líle tó so mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń dà á. Àwòrán ẹyẹ idì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Owú gidi ni, kì í sì í pariwo.

Tí owú tuntun ni ẹ fẹ́ rà, ẹ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: ṣé sítíìlì ni àbí kásìtì, àti pé mélòó ni líle ojú rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Rockwell C? Láàárín 50 sí 60 ló dára. Tó bá wà nísàlẹ̀ 45, ọmọ owú á máa fi àpá sí i. Tó bá ga ju 60 lọ, etí rẹ̀ lè máa ké. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, ẹ kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ dán an wò lójú ibẹ̀

Ẹ mú ìwọ̀nba nǹkan lọ: ọmọ bẹ́rìn róbótó kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2.5, rúlà, ọmọ owú kékeré, irin tó tọ́ gbọọrọ, fáìlì, òòfà, búrọ́ọ̀ṣì onírin àti tọ́ọ̀ṣì. Gbogbo rẹ̀ kò kún àpò kan.

Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ojú rẹ̀. Ìdọ̀tí, ọ̀dà àti ìpẹtà máa ń gba agbára ọmọ bẹ́rìn, wọ́n á sì jẹ́ kí owú rere dà bí aláìsàn. Lẹ́yìn náà ẹ gbé rúlà dúró lórí ojú owú, ẹ di ọmọ bẹ́rìn mú ní ibi tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má jù ú. Ojú yín gbọ́dọ̀ wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú ibi tí ẹ rò pé ó máa ta dé. Ẹni tó bá ń wò ó látòkè á ka iye tí kì í ṣe òótọ́. Tó bá ta padà dé 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owú tó dára gan-an nìyẹn. Láàárín 15 sí 19, ó ṣì wúlò dáadáa fún àgbẹ̀dẹ ilé. Tí kò bá dé 12, ẹ bọ́ ọmọ bẹ́rìn yín sápò.

Ẹ má ṣe é lójú kan ṣoṣo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, lókè ìbàdí owú (àárín ara rẹ̀ tó tín-ín-rín), ẹ máa sún un díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìdí àti sí ẹ̀gbẹ́ ìwo. Ó yẹ kó ta jù láàárín, kó sì dín kù bó ṣe ń lọ sí ìdí, torí pé irin kò pọ̀ lábẹ́ ibẹ̀. Èyí kì í ṣe àbùkù. Àmọ́ tó bá ń ta dé 19, tó tún dé 19, tó wá já sí 9 lójú ẹyọ kan, tó sì tún padà sí 18 lẹ́yìn ìka mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí pátákó sítíìlì orí rẹ̀ ti ṣí kúrò lára rẹ̀ níbẹ̀, tàbí kí ẹnì kan ti fi ẹ̀rọ ìjórin pa á lẹ́nu mọ́.

Ọmọ owú kékeré ló máa jẹ́rìí sí i. Ẹ fi gbá ojú owú jẹ́jẹ́ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kí ẹ sì tẹ́tí. Owú tí ara rẹ̀ pé á dún bí agogo, ohùn rẹ̀ á sì máa bá a lọ fún ìgbà díẹ̀. Níbi tí pátákó ti ṣí, ìró náà á kú lójijì, á dún gbọ̀ù. Ohun kan wà láti ṣọ́ra fún o: Fisher kì í dún, owú tí wọ́n dè mọ́ igi pinpin kì í fi bẹ́ẹ̀ dún, èyí tó sì jókòó sórí ilẹ̀ rírọ̀ lè ṣe bí èyí tó kú. Nítorí náà, ẹ má fi ìró nìkan dájọ́. Ọmọ bẹ́rìn ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹ fi fáìlì kan etí ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá yọ̀ kọjá láìmú nǹkan kan, tàbí tó mú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ojú náà le. Tó bá jẹ ẹ́ wọnú bí ẹni ń há ìṣó, ó rọ̀. Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún owú tó ti wà nínú ilé tó jóná: ooru á ti mú líle ojú rẹ̀ kúrò pátápátá, bẹ́ẹ̀ ìrísí rẹ̀ lè má yí padà ju kí ara rẹ̀ máa ṣí ní ìpẹ́ ìpẹ́ lọ.

Tí ẹni tó ń tà á bá gbà, ẹ fi ẹ̀rọ ìlọrin kan abẹ́ ẹsẹ̀ owú náà fìrí. Kásìtì máa ń tú ẹ̀ta iná kúkúrú, pupa rúsúrúsú. Ti sítíìlì gùn, ó mọ́lẹ̀, ó sì ń tú ká bí ìràwọ̀ ní ìpẹ̀kun.

Òòfà ńkọ́? Ẹ fà á yí ara owú ká, pàápàá etí ojú àti ìbàdí, bí ọ̀dà rẹ̀ bá tuntun. Àwọn kan máa ń fi irú ohun tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀ dí ibi tó ké, wọ́n á wá kùn ún lé e lórí. Níbi tí òòfà kò bá ti dì mú dáadáa, irin kọ́ ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ihò onígun mẹ́rin, torí pé ibẹ̀ ni ìsán máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ìsán tó bá ti ibẹ̀ gba ìdí owú kọjá, ìdí náà yóò já lọ́jọ́ kan.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ mọ àbùkù tí ẹ lè gbà

Owú tó ti ṣiṣẹ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún kò lè mọ́ bí ọmọ tuntun. Alágbẹ̀dẹ tó ń lurin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ojú kan yẹn ló sì máa ń jin díẹ̀ nígbà tó bá yá. Ẹ gbé irin tó tọ́ sórí rẹ̀ ní gígùn, kí ẹ wo àlàfo tó wà lábẹ́. Tó bá jẹ́ mílímítà 2 tàbí 3, kò ṣe nǹkan kan. Ó tiẹ̀ wúlò tí ẹ bá fẹ́ na irin tó wọ́, torí irin gbọ́dọ̀ kọjá títọ́ díẹ̀ kó tó dúró ní títọ́. Etí tó ti ké níbì kan kò burú bí etí yòókù bá ṣì wà tó sẹ̀ǹtímítà 10 tó pé. Ìpẹtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò já mọ́ nǹkan kan. Àpá ògbó díẹ̀ lójú rẹ̀ ṣeé fara dà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin gbígbóná á máa gba àpá náà sára.

Èyí tí kò ṣeé gbà ni ojú tó ti rọ̀, pátákó tó ti ṣí, ìsán ńlá, àti ojú tí wọ́n ti gé pẹrẹsẹ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí dùn mí, torí pé ẹni tó ṣe é sábà ní èrò rere lọ́kàn. Pátákó sítíìlì orí owú àtijọ́ kò nípọn púpọ̀, òkè rẹ̀ ló sì le jù. Ẹni tó bá gé mílímítà 5 kúrò kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ ti gé ibi tó dára jù dànù. Àtúnṣe pẹ̀lú iná ìjórin náà ń fẹ́ kí odindi owú gbóná díẹ̀díẹ̀ ṣáájú, kí ọ̀pá ìjórin sì jẹ́ irú èyí tó yẹ. Bí wọ́n bá kàn jó o bẹ́ẹ̀, ibi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjó á rọ̀ tàbí kó sán. Tí ẹ bá ra owú tójú rẹ̀ kò tẹ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ka ìwọ̀n tó wà lára rẹ̀

Lára owú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, nọ́ńbà mẹ́ta ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n jìnnà síra. Kì í ṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo o. Àkọ́kọ́ jẹ́ ìlọ́po páùn 112, ìkejì jẹ́ ìlọ́po páùn 28, ìkẹta jẹ́ páùn lásán. Owú tí wọ́n kọ 1 2 10 sí lára jẹ́ 112 + 56 + 10, ìyẹn páùn 178, tàbí nǹkan bíi kílò 81. Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ fún yín pé páùn 1210 ni. Nọ́ńbà àárín kì í kọjá 3, ẹ̀yìn kì í sì í kọjá 27, nípa bẹ́ẹ̀ ẹ ó mọ̀ pé irú òǹkà yìí ni. Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń wà ní páùn tààrà.

Bí ẹ kò bá rí owú

Ẹ má dúró de owú ńlá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Irin rélùwéè tó ti di àlòkù dára, bí ẹ bá gbé e dúró lóòró. Ọ̀pọ̀ ló ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó lè jọ owú. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ, àárín rẹ̀ tó tín-ín-rín á máa gbọ̀n lábẹ́ ọmọ owú. Tó bá dúró lóòró, gbogbo gígùn rẹ̀ ló wà lábẹ́ ìlù yín. Irin rélùwéè tó jẹ́ kílò 60 ní mítà kan, tí ẹ bá gé sẹ̀ǹtímítà 60 níbẹ̀, á fún yín ní kílò 36. Ojú rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ìlù kan, ojú kan ṣoṣo ló ń bá. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù ni kí ẹ ti rà á. Ẹ má ṣe lọ yọ ọ́ lójú irin.

Ìka irin tí ẹ̀rọ ìgbẹ́rù (fọ́kílíìfù) fi ń gbẹ́rù náà dára púpọ̀, sítíìlì rẹ̀ le, ó sì nípọn. Orí hámà ńlá kílò 5 tí ẹ rì mọ́ inú kùkùté igi títí dé ìdajì á rọ ọ̀bẹ kékeré àti ìṣó láìjanpata. Kìkì sítíìlì onígun mẹ́rin tàbí ọ̀pá ẹ̀rọ ńlá tó nípọn ni èmi fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ọmọ bẹ́rìn yín ṣì ni kí ẹ fi dán gbogbo wọn wò.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ gbé e kalẹ̀ bó ṣe yẹ

Ẹ dúró ṣánṣán, ẹ wọ bàtà tí ẹ máa fi ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí apá yín rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì di ẹ̀ṣẹ́. Ibi tí orí ẹ̀ṣẹ́ yín dé ni ojú owú gbọ́dọ̀ wà. Tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 76, tí owú yín sì ga tó 28, igi abẹ́ rẹ̀ á jẹ́ 48. Owú tó bá ga jù á máa dun èjìká, èyí tó bá kéré jù á máa tẹ ẹ̀yìn. Tí hámà ńlá ọlọ́wọ́ méjì lẹ fẹ́ máa lò jù, ẹ jẹ́ kó rẹlẹ̀ sí i díẹ̀.

Kùkùté igi líle tí ẹ gbé dúró dára. Àpótí tó kún fún iyanrìn dára, ó sì ń pa ariwo. Ìdúró irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà kì í mì bí ilẹ̀ kò bá tilẹ̀ tẹ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ dè é mọ́lẹ̀ pinpin pẹ̀lú bóòtù tàbí irin tí ẹ tẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, torí owú tó ń ta pọ́ún-pọ́ún lórí igi ń jẹ agbára gẹ́gẹ́ bí èyí tó fúyẹ́. Bí ìró rẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ lẹ òòfà ńlá mọ́ abẹ́ ìdí rẹ̀, tàbí kí ẹ fi ṣéènì wé ìbàdí rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ fi nǹkan dí etí yín, kí ẹ sì wọ awò ojú. Etí tó bá ti bàjẹ́ kì í padà.

Kí iná tó gbóná lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ wo etí ojú owú. Etí tó mú bí abẹ máa ń gé irin gbígbóná sínú níbi tí ẹ fẹ́ kó tẹ̀, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ ké. Ẹ fi ẹ̀rọ ìlọrin bọ́ ọ róbótó díẹ̀, nǹkan bíi mílímítà 3 lápá kan àti 6 lápá kejì, kí ẹ máa gbé ẹ̀rọ náà kúrò lóòrèkóòrè kí ibẹ̀ má bàa gbóná jù, kó má sì yí àwọ̀ padà. Ẹ má sì fi ọmọ owú lu ojú rẹ̀ lásán láìsí irin gbígbóná lórí rẹ̀: líle tó kọ lu líle, àfọ́kù rẹ̀ ń fò bí ọta.